Akọ Àgbọ̀nrín Orí Yìnyín

Ẹ jẹ́ kí n mú yín rin ìrìn àjò jíjìn. Ìtàn tí mo gbé dé yìí kò ní iwin nínú, kò ní ẹbọra olórí méjì, kò sí ẹni tó wọ igbó tó di ẹyẹ. Ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló kún inú rẹ̀: àwọn tó ń yọ́ bàbà nínú iná, àwọn onílé ìtura, àwọn géńdé tí eyín iwájú wọn ti ká sójú eré. Síbẹ̀, bí mo bá sọ ọ́ tán tí ẹnu kò yà yín, a jẹ́ pé oorun ti gbé yín lọ kí n tó dé àárín rẹ̀.

Ìlú kan ń bẹ ní ilẹ̀ Japan, Nikko lorúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Tochigi ló wà, ní àríwá Tokyo. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú irin ní Asakusa yóò dé ẹsẹ̀ òkè rẹ̀ ní bíi wákàtí méjì. Òkè Nantai tó ga ní mítà 2,486 ló ń wo ìlú náà láti òkè. Adágún Chuzenji tẹ́ rẹrẹ sí ìdí òkè yìí, omi rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ lórí àpáta Kegon láti ibi gíga mítà 97, ó ń hó, ó ń bú, ó ń fọ́n ìkùukùu sójú ọ̀run, àfi nígbà ọ̀gìnnìtìn tí òtútù bá gbá a mú tí apá kan rẹ̀ dì mọ́ àpáta. Ọ̀nà tó gun òkè lọ sí etí adágún náà àti èyí tó sọ̀ kalẹ̀ ní kọ́nà 48 lápapọ̀. Awakọ̀ tó bá gbà á lẹ́ẹ̀kan kì í tún fọ́nnu mọ́ pé òun mọ ọkọ̀ wà.

Ní ìlú yìí ni wọ́n sin Tokugawa Ieyasu sí, ògbójú jagunjagun tó kó gbogbo Japan sábẹ́ àṣẹ ara rẹ̀. Ó kú ní 1616. Ọdún kejì ni wọ́n gbé e wá sí Nikko, tí wọ́n sọ ọ́ di ẹni à ń bọ, tí ojúbọ tí wọ́n ń pè ní Toshogu sì di tirẹ̀. Àwọn ọ̀bọ mẹ́ta tí ọ̀kan di etí, tí ọ̀kan di ẹnu, tí ọ̀kan di ojú, tí gbogbo ayé ń ya àwòrán wọn kiri láìmọ ilé wọn, Toshogu gan-an ni ilé wọn. Ẹnu ọ̀nà ńlá kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Yomeimon. Àwọn oníṣẹ́ ọnà gbẹ́ ère tó lé ní 500 sí i lára, wọ́n fi wúrà bò ó, wọ́n fi ẹfun kùn ún. Ṣùgbọ́n nínú àwọn òpó rẹ̀, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ ọnà ara ọ̀kan ní ìdorí-kodò. Wọ́n ní ilé tó bá ti parí pátápátá, ọjọ́ náà gan-an ni ìwó rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà kí iṣẹ́ kù díẹ̀ kó má bàa wó. Èmi gbà pé ọgbọ́n inú òpó yẹn ta sí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí lára.

Yìnyín jẹ́ nǹkan ẹ̀yẹ ní Nikko. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn kan níbẹ̀ ti ń fi yìnyín ṣiṣẹ́ jẹun. Wọn a gbẹ́ kòtò omi sí ẹ̀gbẹ́ òkè, wọn a jẹ́ kí òtútù mú omi odò inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọn a máa gbá ewé àti ìdọ̀tí kúrò lójú rẹ̀ láràárọ̀. Bí òjò tàbí yìnyín dídì bá rọ̀ lé e lórí kó tó gbó, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá gbó tán, wọn a fi ayùn rẹ́ ẹ ní pátákó-pátákó, wọn a kó o sínú abà, wọn a fi ìyẹ̀fun igi bò ó mọ́lẹ̀ títí di ìgbà ooru, tí àwọn ènìyàn á wá tò lórí ìlà nítorí kí wọ́n lè jẹ ẹ́ ní fífá pẹ̀lú omi èso dídùn. Ilé mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù tó ń ṣe iṣẹ́ náà níbẹ̀. Ìlú tí ó lè tọ́jú yìnyín títí di àárín ooru, ẹ máa wòye pé kò ní í jẹ́ kí nǹkan mìíràn tó fẹ́ràn yọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ kíákíá.

Báyìí ni kí ẹ jẹ́ kí n mú bàbà wọ inú ìtàn, nítorí bàbà ni bàbá ẹgbẹ́ náà.

Ní ẹ̀yìn òkè lápá gúúsù ni ibì kan wà tó ń jẹ́ Ashio, níbi tí wọ́n ti ń wa bàbà láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ní 1877 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Furukawa Ichibei ra kànga bàbà náà nígbà tí gbogbo ayé ti rò pé ó ti gbẹ. Kò gbẹ o! Wọ́n wa ilẹ̀ wọ inú, wọ́n rí bàbà rẹpẹtẹ, Ashio sì di ibi tí bàbà Japan ti ń jáde jùlọ. Ní 1890 wọ́n na wáyà kọjá lórí òkè, apẹ̀rẹ̀ onírin ń rìn lójú òfuurufú, ó ń gbé bàbà lọ, ó ń gbé èédú bọ̀. Ní 1906 wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ tó ń fi iná mànàmáná yọ́ bàbà mọ́ sí Nikko, omi tó ń já bọ́ láti adágún Chuzenji ló sì ń gbé iná náà jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Furukawa Electric ṣe fìdí múlẹ̀ níbẹ̀, tí wáyà bàbà ń jáde níbẹ̀ lọ káàkiri Japan.

N kò ní í tàn yín pé owó tó bí ẹgbẹ́ yìí mọ́ pátápátá. Májèlé Ashio dà sínú odò Watarase, ẹja kú, oko ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ ìsàlẹ̀ odò bàjẹ́. Aṣòfin kan, Tanaka Shozo, pariwo títí ohùn há a. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1901, lẹ́yìn tó ti fi ipò aṣòfin sílẹ̀, ó sá tọ kẹ̀kẹ́ ẹṣin ọba Meiji lójú pópó, ó na ìwé ẹ̀bẹ̀ sókè, ó ń kígbe. Àwọn ẹ̀ṣọ́ dá a dúró, ìwé náà kò dé ọwọ́ ọba, ṣùgbọ́n gbogbo Japan gbọ́. Ọ̀rọ̀ Ashio ṣì wà nínú ìwé ìtàn àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ títí dòní.

Ní 1925, àwọn òṣìṣẹ́ Furukawa ní Nikko dá ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín sílẹ̀. Ọdún kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ìwé Oji dá tiwọn sílẹ̀ ní Tomakomai, ní erékùṣù Hokkaido lókè réré. Ìbejì ni wọ́n lọ́nà kan, ọ̀tá ni wọ́n lọ́nà kejì, títí di ọjọ́ tí mò ń kọ ìwé yìí.

Ẹni tó jẹ́ pé inú fìríìjì nìkan ló ti mọ yìnyín lè máa bi mí pé irú eré wo ni eléyìí. Ẹ gbọ́. Pápá náà gùn ní 60 mítà, yìnyín lásán ni látòkèdélẹ̀, wọ́n sì fi ògiri yí i ká. Ènìyàn mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kan, mẹ́fà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, aṣọ́lé kan nínú wọn. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ní irin mímú lábẹ́. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń lé kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Rọ́bà dúdú róbótó ni, tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 7.6, tó nípọn ní 2.5, tó wúwo tó gíráàmù 170. Wọn a kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ amóhuntutù kó lè le gbagidi, kó má ta. Bí òkè géńdé bá fi ọ̀pá gbá a, ó lè sáré ju kìlómítà 150 lọ láàrin wákàtí kan. Ojú lásán kò rí i, ariwo rẹ̀ lára ògiri nìkan lèèyàn ń gbọ́: gbàgàdà! Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta ni eré náà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sáré bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20. Bí ìṣẹ́jú kan kò bá tíì pé, ẹni tó wà nínú pápá ti fò jáde lórí ògiri, ẹlòmíràn ti fò wọlé rọ́pò rẹ̀, eré kò sì dúró. Bí wọ́n bá kọ lu ara wọn mọ́ ògiri, ẹni tó jókòó níwájú á gbọ́ bí egungun ṣe ń kí egungun.

Eré yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ bàbà gbé sórí. Ètò ìgbà náà ní Japan ni pé òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni eléré: ilé-iṣẹ́ ló ń san owó oṣù rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ló sì wà ní àyà rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dá Líìgì Họ́kì Japan sílẹ̀ ní 1966, ẹgbẹ́ márùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: Oji, Iwakura-gumi, Seibu Railway, báǹkì Fukutoku, àti Furukawa. Ẹ fi orúkọ wọ̀nyí sọ́kàn, nítorí ikú ń bọ̀ wá kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ni Furukawa wá ṣe nínú líìgì náà? Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Wọ́n jà, wọ́n ṣe akin, wọ́n fún àwọn olówó ní ìyọnu, ṣùgbọ́n ọdún ń gorí ọdún, wọn kò gba ife ẹ̀yẹ líìgì. Ọdún 33 ni wọ́n fi wà níbẹ̀ lábẹ́ orúkọ Furukawa, ife náà kò sùn sí Nikko lálẹ́ ọjọ́ kan. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú ń lọ wò wọ́n. Ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, ó ní ẹgbẹ́ nínú líìgì tó ga jùlọ lórílẹ̀-èdè tí èèyàn rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 120! Wọ́n kọ́ pápá yìnyín tuntun fún ìlú náà ní 1992 ní àdúgbò Kirifuri, ibi tó gba bíi 2,000 òǹwòran. Ẹni tó bá jókòó níbẹ̀ súnmọ́ eré débi pé ó lè rí òógùn lójú eléré.

Ní oṣù Kejì ọdún 1998 ni Òlíḿpíìkì ìgbà òtútù ṣẹlẹ̀ ní Nagano, ní Japan kan náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ni àwọn òléwájú eléré líìgì ńlá Amẹ́ríkà àti Kánádà, NHL, fi líìgì wọn sílẹ̀ láti wá síbẹ̀. Wayne Gretzky wá. Dominik Hasek wá, ó fi ara dínà bí ẹni pé wọ́n fi àpáta mọ ọ́n, àwọn Czech sì gba wúrà. Ẹni tó bá wà ní Japan lọ́dún yẹn á rò pé ọ̀la họ́kì ti dára títí ayé.

Ọdún kan péré lẹ́yìn náà, Furukawa kéde pé àwọn ò lè ṣe é mọ́.

Ọrọ̀ ajé Japan ti dojú dé láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ń wá ohun tí wọ́n lè gé, ẹgbẹ́ eré sì ni ọ̀bẹ máa ń kọ́kọ́ bà. Ẹgbẹ́ tó ti wà láti 1925, tó la Ogun Àgbáyé Kejì já, tó rí iná, tó rí ebi, ni àwọn akọ̀wé fi gègé pa rẹ́ nínú ìwé ìṣirò.

Ibi tí ìtàn ti di àgbàyanu rè é o. Ìlú náà kọ̀.

Wọn kò jó ilé-iṣẹ́, wọn kò sọ òkò. Wọ́n gbé ìwé àti kálàmù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìbuwọ́lùwé kiri, pé ẹgbẹ́ yìí kò gbọdọ̀ kú. Àwọn oníṣòwò dá owó, àwọn alátìlẹ́yìn dá owó, ìjọba ìlú dá sí i. Ní ọdún 1999 kan náà ni wọ́n tún ẹgbẹ́ náà dá sílẹ̀, kì í ṣe lábẹ́ bàbá olówó kankan mọ́, bí kò ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú. Irú rẹ̀ kò tíì sí rí nínú họ́kì Japan. Wọ́n gbé orúkọ bàbà kúrò ní àyà wọn, wọ́n wọ aṣọ olómi ọsàn, wọ́n sì sọ ara wọn ní Ice Bucks: akọ àgbọ̀nrín orí yìnyín. Àgbọ̀nrín pọ̀ nínú igbó Nikko lóòótọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni àjọ UNESCO kọ àwọn ojúbọ àti tẹ́ńpìlì Nikko mọ́ ogún gbogbo ayé. Èmi ti rí i pé àwọn arìnrìn-àjò ń ka ọdún 1999 sí ti Toshogu; ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú mọ̀ pé nǹkan méjì ni wọ́n gbà là lọ́dún yẹn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bí ọmọ, òun náà ni yóò bọ́ ọ. Kò pẹ́ tí Gbèsè fi dé.

Ẹ wo Gbèsè, òmìrán aláìnítìjú! Kì í kan ilẹ̀kùn, kì í kí onílé. Ó wọlé, ó jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ tòun wá kí wọ́n tó fún àwọn ọmọ. Bí wọ́n bá tì í jáde lẹ́nu ọ̀nà iwájú, a gba ojú fèrèsé padà. Ẹgbẹ́ họ́kì a máa jẹ owó: bàtà onírin, ọ̀pá tó ń ṣẹ́ lójoojúmọ́, iná tó ń mú yìnyín dúró, owó ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Hokkaido. Ìlú kékeré ni Nikko, gbọ̀ngàn rẹ̀ kékeré, tíkẹ́ẹ̀tì tó lè tà ní ìwọ̀n. Ilé-iṣẹ́ tó ń darí ẹgbẹ́ náà yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní nǹkan bí 2005 wọ́n so orúkọ Kobe mọ́ tirẹ̀, ìlú èbúté kan tó jìnnà réré níhà ìwọ̀ oòrùn, bóyá wọn yóò rí olówó níbẹ̀. Kobe lọ, Nikko kù. Lójú pápá pàápàá, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi wà nísàlẹ̀ tábìlì. Wọ́n á lù wọ́n lónìí, wọ́n á lù wọ́n lọ́la, àwọn alátìlẹ́yìn aláṣọ olómi ọsàn á sì tún padà wá ní ọjọ́ kẹta, wọ́n á máa lu ìlù, wọ́n á máa pariwo débi pé aṣọ́lé àlejò á máa yíjú wò wọ́n.

Ní báyìí, ẹ wá wo bí ó ṣe ń rí fún àwọn olówó.

Báǹkì Fukutoku ló kọ́kọ́ yọwọ́, láti àwọn ọdún 1970. Iwakura-gumi gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ fún Snow Brand, ilé-iṣẹ́ mílíìkì tó lókìkí, ní 1979. Ta ni ìbá rò pé Snow Brand lè ṣubú? Ní 2000, mílíìkì wọn dá àìsàn sí ènìyàn tó lé ní 13,000 lára. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wó lulẹ̀ lójú gbogbo ayé. Ẹgbẹ́ họ́kì rẹ̀ yí orúkọ padà sí Sapporo Polaris ní 2001, ó sì kú ní 2002.

Èyí tó dùn mí jù láti ròyìn ni ti Tsutsumi Yoshiaki. Ọkùnrin yìí ló ni Kokudo àti Seibu: ọkọ̀ ojú irin, òtẹ́ẹ̀lì, pápá gọ́ọ̀fù, òkè tí wọ́n ti ń ṣeré lórí yìnyín. Ní òpin àwọn ọdún 1980, ìwé ìròyìn Forbes kà á sí ẹni tó lówó jùlọ láyé. Láyé o, kì í ṣe ní Japan nìkan! Họ́kì ló fẹ́ràn bí ojú. Òun ló darí àjọ họ́kì Japan, ẹgbẹ́ méjì nínú líìgì sì jẹ́ tirẹ̀. Kokudo gba ife ẹ̀yẹ gba ife ẹ̀yẹ títí ó fi sú wọn. Ní 2003 ó kó ẹgbẹ́ méjèèjì pọ̀ sí ọ̀kan, líìgì Japan ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré. Oṣù Kẹta 2005 ni ìjọba wá mú un nítorí irọ́ tí wọ́n pa nínú àkọsílẹ̀ ìpín ilé-iṣẹ́ rẹ̀, ilé-ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Wọ́n pe ẹgbẹ́ náà ní Seibu Prince Rabbits lẹ́yìn náà. Nígbà tí owó gbogbo ayé tún fọ́ ní 2008, Seibu kéde pé àwọn ń gbé e sílẹ̀. Ní 2009 àwọn Rabbits bá Nippon Paper Cranes dé àṣekágbá Líìgì Éṣíà tí mo máa tó ròyìn, wọ́n pàdánù, wọ́n bọ́ bàtà, ó parí. Wọn ò rí ẹni gbà á.

Ehoro ẹni tó lówó jùlọ láyé kú. Akọ àgbọ̀nrín tí ń jẹ gbèsè ṣì ń jẹ koríko.

Nígbà tí líìgì Japan ti ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, wọ́n ti na ọwọ́ kọjá òkun. Líìgì Éṣíà bẹ̀rẹ̀ ní 2003: Cranes, Oji, Kokudo, Ice Bucks, àti Halla ti Kòríà. Àwọn ẹgbẹ́ láti China àti Rọ́ṣíà náà wọ̀ ọ́ lẹ́yìn náà. Ní àkókò òkùnkùn yìí ni àwọn akọni àjèjì bẹ̀rẹ̀ sí í dé Nikko.

Èkíní nínú wọn jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò lè fojú sọ́nà fún. Orúkọ rẹ̀ ni Sergio Echigo, ọmọ ìran Japan tí wọ́n bí ní São Paulo ní 1945, tó gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ fún Corinthians. Bí ẹ bá ti rí Ronaldinho tó fi ẹsẹ̀ kan náà gbá bọ́ọ̀lù síta tó tún fà á wọlé kí ẹni tó ń ṣọ́ ọ tó mọ̀ pé òun ti ṣubú, ẹ ti rí elástico. Rivellino, tó gba ife àgbáyé pẹ̀lú Brazil ní 1970, ló sọ ọ́ di olókìkí. Òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ́wọ́ pé ọwọ́ Echigo ni òun ti kọ́ ọ. Echigo dé Japan ní 1972, ó kọ́ àìmọye ọmọdé ní bọ́ọ̀lù káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ó sì di asọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Òun náà ló tún di olùdarí àgbà fún ẹgbẹ́ họ́kì! Ọmọ Brazil, ilẹ̀ tí yìnyín kò ti ní iṣẹ́, ń rìn káàkiri, ó ń bá àwọn olówó sọ̀rọ̀ nítorí àgbọ̀nrín Nikko. Bí wọ́n bá fi èyí sínú àlọ́, èmi ò ní í gbà á gbọ́.

Èkejì ni Fukufuji Yutaka, aṣọ́lé. Kushiro ní Hokkaido ni wọ́n ti bí i ní 1982. Ní 2004, Los Angeles Kings mú un nínú ìyàn àwọn ọ̀dọ́, ẹni 238 ni wọ́n kà á sí, ipò tí àwọn ẹgbẹ́ ń mú ènìyàn sí láti fi ṣàwàdà. Ó lọ. Ó jẹ̀yà ní àwọn líìgì kéékèèké, níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń rìn lóru láti ìlú kan dé òmíràn. Ní oṣù Kìíní 2007, ara àwọn aṣọ́lé Kings kò dá, wọ́n sì ránṣẹ́ pè é. Ní ọjọ́ 13 oṣù náà, ní St. Louis, wọ́n ní kó wọlé ní ìdá kẹta eré. Bí irin bàtà rẹ̀ ṣe kan yìnyín báyìí, ó di ọmọ Japan àkọ́kọ́ tó ṣeré nínú NHL láti ìgbà tí ayé ti dáyé. Kings pàdánù lọ́jọ́ náà, 6 sí 5. Eré mẹ́rin péré ló ṣe níbẹ̀ kí ilẹ̀kùn tó tì. Ẹ̀yin ẹ lè rò pé ẹni bẹ́ẹ̀, bó bá padà sílé, ọ̀dọ̀ àwọn olówó ni yóò lọ. Ní 2010 ó gba Nikko lọ.

Láti ìgbà náà ni àgbọ̀nrín ti bẹ̀rẹ̀ sí í hu ìwo. Ní sáà 2011 sí 2012, Ice Bucks dé àṣekágbá Líìgì Éṣíà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Oji, ìkejì wọn láti 1925! Oji lù wọ́n, ó gba ife lọ. Ó dun Nikko wọra, ṣùgbọ́n ìlú tó ti ń gbé ìsàlẹ̀ tábìlì, bó bá pàdánù ní àṣekágbá, bí ẹni tó jẹ oyè ló ń rí lójú rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 2014, níbi ìdíje gbogbo Japan, níbi tí ẹni tó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan ti ń lọ sílé, wọn kò ṣubú. Wọ́n gba ife náà, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí ìlú ti tún wọn bí. Nínú àwọn tó wà níbẹ̀, àwọn kan wà tí wọ́n fọwọ́ ara wọn gba ìbuwọ́lùwé ní 1999 tí irun orí wọn ti di funfun. Wọ́n tún gba ife kan náà ní 2019.

Ọdún 2019 yìí náà ni Nippon Paper Cranes ti Kushiro, tó ti gba Líìgì Éṣíà lẹ́ẹ̀mẹ́rin, dé ìparí tirẹ̀: ilé-iṣẹ́ ìwé ní àwọn ò ṣe mọ́. Àwọn ará Kushiro gbìyànjú láti ṣe bíi ti Nikko, wọ́n dá East Hokkaido Cranes sílẹ̀. Àdánwò náà nira. Owó oṣù kò jáde fún àwọn eléré, nígbà tó sì di 2023 wọn kò sí nínú líìgì mọ́. Mo ń sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ìfẹ́ nìkan tó. Kushiro fẹ́ràn họ́kì ju Nikko lọ, bóyá. Ohun tó mú Nikko dúró ni pé ìlú náà ti jẹ ìyà àìrówó fún ogún ọdún, ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ná èyí tó kéré, kò sì sí ìgbà kankan tó gbé gbogbo ẹrù rẹ̀ lé orí ẹnìkan ṣoṣo mọ́.

Oji pàápàá, olówó ìwé, gbé ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ fún ará ìlú ní 2021. Red Eagles Hokkaido ni wọ́n ń pè é báyìí. Nínú márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ líìgì ní 1966, ìbejì 1925 wọ̀nyí nìkan ló ṣẹ́kù, Tomakomai àti Nikko, àwọn méjèèjì sì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní 2025. Ọ̀kan ti kó ife ẹ̀yẹ kún ilé. Èkejì, títí dé sáà 2024 sí 2025 tí Halla ti Kòríà tún gba ti Éṣíà, kò tíì gba ife líìgì kankan.

Bí ẹ bá dé Tokyo lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ sì ní ọjọ́ kan lọ́wọ́, ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin Tobu lọ sí Nikko. Ẹ kí àwọn ọ̀bọ mẹ́ta lówùúrọ̀, ẹ wo òpó yẹn, kí ẹ wá gba Kirifuri lọ nírọ̀lẹ́. Ẹ wọ ẹ̀wù òtútù méjì, nítorí òtútù inú gbọ̀ngàn náà kì í bá àlejò ṣàwàdà, kí ẹ sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àwọn tó ń lùlù.